Ilé àyẹ̀wò kòkó tó wà lẹ́bàá títì yẹn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa ilé páànù àtijọ́ lójú ọ̀nà Ìdànrè, èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ iwájú ẹ̀ gbalasa, tẹ́ ẹ ní ṣé tollgate ni àbí àgọ́ ọlọ́pàá. Kì í ṣe ìkankan o. Ibùdó produce, ìyẹn irè oko, ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ kòkó wò, mo mọ̀ ọ́n dáadáa torí mo bá àbúrò bàbá mi ra kòkó nígbà tí mo wà léwe, orí àpò la sì máa ń sùn síbẹ̀ títí tó fi máa kàn wá.

Láyé ìgbà yẹn, Marketing Board, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń ra irè oko, nìkan ló ń ra kòkó. Ọdún 1947 ni wọ́n dá ti kòkó sílẹ̀, nígbà tó di 1954 Western Region ní tiẹ̀. Àwa aláròóbọ̀ ló ń bá Board rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀, àmọ́ àpò tí ò bá ní sìlì ìjọba, ìyẹn èdìdì, lẹ́nu ò lè lọ síbì kankan. Inspector á fi irin oníhò gún àpò káàkiri, á yọ kòkó, á ka 300 hóró, á wá gé wọn sí méjì níkọ̀ọ̀kan kó lè rí inú wọn. Èyí tó bu, èyí tí kòkòrò ti jẹ, èyí tó ti hù, èyí tí wọn ò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò pẹ́ tó tí inú ẹ̀ wá dúdú bíi síléètì, gbogbo ẹ̀ ló máa kà. Tí èyí tó bu bá ti ju 3 lọ nínú 100, ó ti bọ́ nínú gíréèdì kìn-ín-ní nìyẹn, owó ẹ̀ já wálẹ̀.

Lọ́dún kan tí òjò ò dáwọ́ dúró, lọ́rí wa débẹ̀, wọ́n gún àpò, kòkó tutù. Wọ́n ní ká sọ gbogbo ẹ̀ kalẹ̀. A dà á sórí sìmẹ́ńtì yẹn, à ń sá a, à ń yí i, tí òjò bá ṣú a ó sáré kó o, nígbà tó wá gbẹ tán tá a gbé e sórí ìwọ̀n, ó fúyẹ́ gan-an, àṣé omi la ti sanwó fún lọ́wọ́ àgbẹ̀! Àtìgbà yẹn, tá a bá fẹ́ rà, a máa kọ́kọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, a ó fún un mọ́wọ́, tí ò bá dún kàrà-kàrà a ò rà.

Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú àwọn inspector yẹn ń gba owó ẹ̀yìn, iye tí Board sì ń san fún àgbẹ̀ kéré, ó wà lára ohun tó bí àwọn Agbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tó dìde sí ìjọba, nínú ní 1968 sí 1969. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú Board ká ní 1986, ẹnikẹ́ni tó lówó lọ́wọ́ ló ń ra kòkó, tútù ni o, èyí tó bu ni o, wọ́n ń kó o lọ sókè òkun, orúkọ kòkó Nàìjíríà sì bàjẹ́ lọ́hùn-ún. Ó dùn mí gan-an torí mo mọ ìyà tó wà nínú kí kòkó dára.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ sí i, ẹ wá àwọn bàbá tó ra kòkó láyé Board lọ kí wọ́n tó wó ilé yẹn, kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń gé e hàn yín, ẹ sì fi fóònù ká a sílẹ̀.