Ẹ má fi kóòdù ìṣirò kọ ìtàn aláìsàn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí mo ṣe lóye ìbéèrè yín, ilé ìwòsàn yín fẹ́ kúrò lórí fáìlì oníwèé bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀gá kan sì sọ nípàdé pé ICD-10, àkójọ kóòdù àìsàn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, nìkan ti tó fún gbogbo ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀, pé àṣejù ni SNOMED CT (àkójọ kóòdù fún ohun tí dókítà ń kọ nípa aláìsàn) àti LOINC (àkójọ kóòdù fún àyẹ̀wò láàbù). Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Rárá o, kò tó. Ó pẹ́ tí mo ti wà ní ẹ̀ka rẹ́kọ́ọ̀dù, mo sì ti bá wọn kó dátà àtijọ́ kúrò nínú sọ́fítíwià kan lọ sínú òmíràn. Ibẹ̀ lojú mi ti là.

Kíka iye ni wọ́n dá ICD sílẹ̀ fún. Ní 1893, Jacques Bertillon, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé àkójọ àwọn ohun tó ń pa ènìyàn kalẹ̀ ní ìpàdé kan ní Chicago, kí orílẹ̀-èdè kan lè fi iye òkú tirẹ̀ wé ti ẹlòmíràn. Nígbà tó di 1948, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gba iṣẹ́ náà, àtúnṣe kẹfà tí wọ́n ṣe nígbà náà ló sì fi àìsàn tí kì í pa ènìyàn kún un dáadáa. Ìwà kíka iye yẹn ṣì wà lára rẹ̀. Àìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí ìsọ̀rí kan ṣoṣo wọ̀, èyí tí kò bá sì rí, yóò bọ́ sí “àwọn mìíràn” tàbí “a kò sọ irú rẹ̀”. Ẹni tó fẹ́ mọ iye ènìyàn tí malaria mú lọ́dún yìí á yọ̀ mọ́ ọn. Dókítà tó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ ni wọ́n ti gé nǹkan kúrò fún.

Ẹ jẹ́ kí n fi àtọ̀gbẹ ṣàlàyé, torí òun ló fìyà jẹ wá jù. Nínú ICD-10 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, E10 ni irú kìíní, E11 ni irú kejì, E14 sì ni èyí tí a kò sọ irú rẹ̀. Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́, sọ́fítíwià wọn kò gba ohun mìíràn ju kóòdù ICD lọ, ẹni tó bá sì tẹ “diabetes”, E14 ló máa kọ́kọ́ yọ sí i. Èrò kún ìta, dókítà á tẹ èyí tó kọ́kọ́ rí, ó parí. Ìgbà tí wọ́n wá fẹ́ pe àwọn tó ní irú kejì fún àyẹ̀wò ojú, E14 ló kún inú ẹ̀rọ fọ́fọ́. Bẹ́ẹ̀ irú tí kálukú ní wà nínú ohun tí dókítà fọwọ́ kọ, ó hàn gbangba, kò kàn wọ kọ̀ǹpútà ni. Fáìlì la padà lọ ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká tiẹ̀ ní wọ́n yàn án dáadáa, E11.3 á sọ fún yín pé àtọ̀gbẹ ti dé ojú, kò ní sọ bóyá ojú ọ̀tún ni tàbí tòsì.

Ẹ tún bi ọ̀gá yín pé ICD-10 wo? Amẹ́ríkà ní tiwọn, ICD-10-CM, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kẹwàá ọdún 2015. Ìyẹn máa ń ya ojú ọ̀tún sọ́tọ̀ sí tòsì, àmọ́ kò ní E14 rárá. Àtọ̀gbẹ tí ẹnikẹ́ni kò sọ irú rẹ̀, E11 ni wọ́n máa ń gbé e sí. Bí ẹ bá da dátà ibi méjèèjì pọ̀, irú kejì á kàn “pọ̀ sí i” láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣàìsàn tuntun.

SNOMED CT yàtọ̀ láti ìpìlẹ̀. Ọdún 2002 ló jáde, nígbà tí àkójọ tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà pathology (àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara wò ní láàbù) Amẹ́ríkà ṣe àti èyí tí NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń lò di ọ̀kan. Ohun kọ̀ọ̀kan tí dókítà lè fẹ́ sọ ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ẹnì kan pè é ní heart attack, tí ẹlòmíràn pè é ní myocardial infarction, 22298006 náà ni. Wọ́n wá so wọ́n pọ̀ bí ìdílé: 44054006, àtọ̀gbẹ irú kejì, wà lábẹ́ 73211009, àtọ̀gbẹ lápapọ̀. Ẹ wá èyí tó wà lókè, gbogbo ọmọ inú ilé á jáde. Ohun kan sì lè ní ju òbí kan lọ, èyí tí ICD-10 kò gbà.

Àmọ́ ẹ má kó gbogbo rẹ̀ síwájú dókítà o, ó lé ní 350,000. Ẹ yọ ìwọ̀nba tí ilé ìwòsàn yín nílò, kí àwọn dókítà fúnra wọn jókòó tì í, kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò lẹ́nu wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá orílẹ̀-èdè yín wà lára ọmọ ẹgbẹ́ SNOMED International, àjọ tó ni ín, torí àṣẹ ni wọ́n fi ń lò ó. Máàpù, ìyẹn àtẹ tó ń so kóòdù inú àkójọ kan mọ́ ti òmíràn, wà tó ń gbé SNOMED lọ sí ICD-10 fún ìròyìn tí ẹ fẹ́ fún ìjọba. Ènìyàn ṣì gbọ́dọ̀ bojú wò ó, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Láti ICD padà sí SNOMED ni wàhálà wà. Ohun tí ẹ kò kọ sílẹ̀, kò sí máàpù tó lè hú u jáde.

Láàbù ni ọ̀rọ̀ ti lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Wọ́n da èsì láàbù méjì pọ̀ níṣojú mi rí, àwọn méjèèjì sì pe àyẹ̀wò náà ní “glucose”. Ọ̀kan ń fi mg/dL (ìwúwo ṣúgà) kọ tirẹ̀, èkejì ń fi mmol/L (mole, ìyẹn iye èérún ṣúgà), ìlọ́po 18 sì ló wà láàárín wọn. Ṣúgà tó jẹ́ 108 lọ́dọ̀ àkọ́kọ́ ló jẹ́ 6 lọ́dọ̀ èkejì. Ohun kan náà ni, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ, ńṣe ni ìlà tó ń fi ṣúgà rẹ̀ hàn já wálẹ̀ bíi pé aláìsàn ti fẹ́ dákú. Nọ́ọ̀sì kan tó mọ aláìsàn náà ló pariwo. LOINC, tí Regenstrief Institute ní Indianapolis bẹ̀rẹ̀ ní 1994, kì í jẹ́ kí irú èyí fara pamọ́: 2345-7 ni glucose inú serum tàbí plasma (omi tí wọ́n yà kúrò lára ẹ̀jẹ̀) tí wọ́n fi ìwúwo wọ̀n, 14749-6 ni èyí tí wọ́n fi mole wọ̀n, ti odidi ẹ̀jẹ̀ tún ní tirẹ̀, 2339-0. Nọ́ńbà kan tó dá dúró lẹ́yìn àmì “-” yẹn wà láti tú àṣìtẹ̀ fó ni. Síbẹ̀, kóòdù nìkan kò tó. Òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ bá èsì kúrò ní láàbù, nígbà gbogbo.

“Kò sí” náà máa ń da nǹkan rú. Dókítà kọ ọ́ pé kì í ṣe malaria, akọ̀wé rí “malaria”, ó lẹ B54, kóòdù malaria, mọ́ ọn. Ìyá ló ní àtọ̀gbẹ, kóòdù bọ́ sórí ọmọ. ICD-10 ní ibi tí irú wọn ń gbé: Z03 fún àìsàn tí wọ́n fura sí tí wọ́n sì rí i pé kì í ṣe òun, Z83.3 fún àtọ̀gbẹ nínú ẹbí. Ohun tí mo máa ń kọ́ akọ̀wé tuntun nìyí kí n tó kọ́ ọ ní ohun mìíràn.

Ti oògùn kò gùn. ATC, àkójọ kóòdù oògùn, dára láti fi ka iye oògùn tí ẹ ń lò, kò dára láti fi kọ ìwé oògùn. N02BE01 á sọ pé paracetamol ni, kò ní sọ bóyá tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí olómi, tàbí miligíráàmù mélòó. Aspirin tiẹ̀ ní ju kóòdù kan lọ níbẹ̀, ó sinmi lórí ohun tí wọ́n ń lò ó fún.

Ẹnì kan á tún sọ fún yín pé kí ẹ kúkú bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ICD-11, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2022. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n yọ lẹ́tà I àti O kúrò nínú kóòdù rẹ̀ kí wọ́n má baà dà bí 1 àti 0, ó sì ṣeé so kóòdù kan mọ́ òmíràn, títí kan ojú ọ̀tún àti tòsì. Ṣùgbọ́n tí ìjọba yín bá ṣì ń gba ICD-10, òun ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Bí kúlẹ̀kúlẹ̀ bá ti wà nínú ẹ̀rọ yín, máàpù lẹ máa pààrọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá yí padà.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹni tó ń ta sọ́fítíwià, ẹ ní kó kó rẹ́kọ́ọ̀dù aláìsàn kan jáde níṣojú yín. Ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ tí dókítà fẹnu ara rẹ̀ sọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú kóòdù, bóyá wọ́n sọ inú àkójọ wo ni kóòdù náà ti wá àti ẹ̀dà ọdún wo. Tó bá ní ìyẹn kò sí báyìí, pé àwọn máa fi kún un tó bá yá, ẹ gbé bírò yín sílẹ̀.