Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Romeo ni Juliet ń wá ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ní ìparí sáà tó kọjá, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ṣe díẹ̀ nínú eré Romeo and Juliet. Nígbà tí ọmọbìnrin tó ṣe Juliet dé ibi “O Romeo, Romeo, wherefore art thou Romeo?”, ó gbé ọwọ́ síwájú orí, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ sọnù lọ́jà. Olùkọ́ wọn sọ fún wa pé “níbo” ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n “wherefore” pọ̀ nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀, mi ò sì rí ibi tí “níbo” ti bá a mu. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló jàre? — Òǹkàwé yín, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin lẹ jàre. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé àtijọ́ yìí kò túmọ̀ sí “níbo” rárá. “Èéṣe” tàbí “nítorí kí ni” ló túmọ̀ sí, èyí tó kẹ́yìn ló sì sún mọ́ ọn jù, nítorí pé “where” àti “for” ni wọ́n so pọ̀ tó fi di ọ̀kan. “Where” inú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tọ́ka sí ibì kankan, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti máa ń sọ pé “níbi ọ̀rọ̀ owó, mi ò gba gbẹ̀rẹ́” láìjẹ́ pé ilé tàbí ilẹ̀ kan wà lọ́kàn wa.

Lójú tiwa, “where” nìkan kọ́ ló ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. “Art”, ìyẹn “are” ti àtijọ́, náà lọ́wọ́ sí i. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò níbi tí Yorùbá ti ní “wà” àti “jẹ́” lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ “where” tán, “o wà” ni yóò gbọ́ nínú “art thou”, yóò sì fi àmì ìdánudúró díẹ̀ sẹ́yìn “thou”, bí ẹni pé Juliet ń pe Romeo pé kó jáde síta. Àmì yẹn kò sí níbẹ̀. “Èéṣe tí o fi jẹ́ Romeo?” ni ọmọbìnrin náà ń wí, Yorùbá sì gbé e yọ dáadáa, nítorí pé “jẹ́” kan náà tí a fi ń sọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́ la fi ń sọ orúkọ tó ń jẹ́.

Orúkọ ni gbogbo wàhálà ibẹ̀. Ìdílé Capulet àti ìdílé Montague ní ìlú Verona kì í rí ara wọn sójú, ọmọ Capulet ni Juliet, alágbàtọ́ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un ní alẹ́ ọjọ́ yẹn pé ọmọ Montague ni Romeo, ọkùnrin tí ọkàn Juliet fà sí níbi àsè. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé Romeo wà nínú ọgbà nísàlẹ̀, tó ń tẹ́tí sí òun. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e fi jẹ́ pé kí Romeo sẹ́ bàbá rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ń wá a kiri ni, kí ni sísẹ́ bàbá yóò ṣe fún un? Nígbà tí Romeo sì fara hàn, Juliet tún béèrè pé “How camest thou hither, tell me, and wherefore?”, ìyẹn ni pé, báwo lo ṣe dé ibí, nítorí kí ni? Ẹni tó dúró síwájú ẹni, a kì í bi í pé níbo ló wà.

Ní ti Bíbélì bàbá yín, bó bá jẹ́ ìtumọ̀ ọdún 1611 ni, ẹ ṣí Sáàmù 79, ẹsẹ kẹwàá, fún olùkọ́ náà: “Wherefore should the heathen say, Where is their God?” Ọ̀rọ̀ méjèèjì wà nínú ẹsẹ kan náà, ìkíní ń béèrè ìdí, ìkejì ń béèrè ibi. Ẹ óò tún rí i níbi tí kì í ti í ṣe ìbéèrè, bí i Jákọ́bù 1, ẹsẹ kọkàndínlógún, tí ó ti túmọ̀ sí “nítorí náà”. Àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń fi irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ilé ẹjọ́. Ẹlòmíràn tó bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ lónìí, ẹ̀rín ni yóò pa ẹni tó ń kà á.

Ẹ bá wa sọ fún ọmọbìnrin yẹn pé kó sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò níwájú orí, kó má wá ẹnikẹ́ni kiri, kó sì tẹ ohùn mọ́ “Romeo” kẹta, nítorí pé orúkọ yẹn gan-an ló ń dun Juliet.