Fótò nìkan ò lè gbà ẹ́ sílẹ̀ ní intafíù iná ìtàgé

Àbúrò mi, o ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kó o lọ ṣe intafíù fún kọ́ọ̀sì iná orí ìtàgé, eré méjì péré lo tíì ṣe iná fún, fótò wọn sì ṣókùnkùn, ẹ̀rù wá ń bà ẹ́ pé iṣẹ́ ẹ kéré. Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ẹ, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ kí wọ́n tó gbà mí.

Lákọ̀ọ́kọ́, fótò bíi ogójì ni mo kó sínú pọtifólíò mi, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n, gbogbo ẹ̀ ló rẹwà, èéfín, iná búlúù tó ń ti ẹ̀yìn òṣèré bọ̀, mo ti gbà lọ́kàn mi pé tí wọ́n bá ti rí i, ó parí nìyẹn. Obìnrin kan nínú àwọn tó ń ṣe intafíù fún mi kàn gbé ìka lé fótò ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní, "Iná tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ìyá yìí, níbo ló ti ń bọ̀? Aago mélòó ni nínú eré?" Mi ò mọ̀. Ó tún ní, nígbà tí ìyá dìde ńkọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ sí iná yẹn? Ẹnu mi gbẹ. Wọn ò gbà mí, mo sunkún gan-an, àmọ́ nígbà tí ara mi balẹ̀ mo rí i pé kò síbi tí wọ́n ti rẹ́ mi jẹ, ohun tó yẹ kí ẹni tó ṣe iná mọ̀ ni wọ́n bi mí.

Nítorí náà eré méjì tó o ní yẹn tó, tó o bá lè tú u palẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kí lo rí nínú ìwé eré, kí ni olùdarí sọ fún ẹ, àwòrán wo lo ń wò nígbà tó ò ń ronú, ibi tó o ti fi pẹ́ńsù ya á, light plot ẹ (àwòrán tó fi ibi tí iná kọ̀ọ̀kan wà hàn), cue list ẹ (àkọsílẹ̀ gbogbo ìgbà tí iná máa yí padà, ìyípadà kọ̀ọ̀kan ni cue, ó sì ní nọ́ńbà), ìgbà yẹn ni kí fótò tó wá dé. Ìgbà kejì tí mo lọ, ìyá àgbà yẹn náà ni mo padà sí. Mo fi páálí ṣe yàrá náà ní ìwọ̀n 1:25, mo gé fèrèsé sí i, mo fi jẹ́ẹ̀lì òféfèé kékeré, ìyẹn ike fẹ́lẹ́ tó ń yí àwọ̀ iná padà, bo ojú tọ́ọ̀ṣì, mo gbé e sílẹ̀ dáadáa bí oòrùn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Tí ìyá bá dìde, á kúrò nínú oòrùn, ojú ẹ̀ á ṣókùnkùn, àfìgbà tí wọ́n bá tan láàǹpù orí tábìlì. Fótò mẹ́ta péré, cue 14, 15, 16, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé páálí ni o. Orí fótò mẹ́ta yẹn la wà fún ìgbà pípẹ́, wọn ò tiẹ̀ ṣí ìyókù dáadáa.

Light plot ẹ, mú èyí tó mọ́ lọ́wọ́, kó o sì mú èyí tó o fi ṣiṣẹ́ gan-an, tó o ti fi pẹ́ńsù pa rẹ́ tó o tún un kọ. Kọ ìwọ̀n tó o fi yà á, àlàyé àmì iná kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà channel, ìyẹn nọ́ńbà tó o fi ń pe iná náà. Tó bá jẹ́ ọ̀nà McCandless lo lò, ìyẹn iná méjì láti iwájú ní 45 degree, ọ̀kan ní àwọ̀ tó gbóná, ọ̀kan ní àwọ̀ tó tutù bíi búlúù, ó dáa, ṣùgbọ́n mọ ìdí tó o fi yan apá tó gbóná.

Ti fótò tó ṣókùnkùn, auto ló ń bà á jẹ́, ìyẹn kí kámẹ́rà máa fúnra ẹ̀ yan gbogbo nǹkan. Tó bá jẹ́ gílóòbù tungsten ni, èyí tó ní wáyà tó ń gbóná nínú, gbé white balance (ibi tí kámẹ́rà ti ń mú àwọ̀ bá iná mu) sí 3200K, má lo flash rárá, kó o yà á nígbà dress rehearsal (ìdánrawò tí wọ́n ti wọ aṣọ eré), kí ojú òṣèré hàn. Má fi fóònù tan án títí tí kò fi ní jọ ohun táwọn èèyàn rí mọ́.

Wọ́n á bi ẹ́ pé kí ni kò dáa nínú iṣẹ́ ẹ. Má sọ pé kò sí. Èmi sọ ìran òru kan tí mo da búlúù bò, ẹnu òṣèré ò hàn, àwọn tó jókòó lẹ́yìn wá ń ṣàròyé pé àwọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀! Iná iwájú díẹ̀ tí kò ní àwọ̀ ni mo fi tún un ṣe. Tó bá sì jẹ́ pé ìwọ kọ́ lo ṣe iná eré kan, tó jẹ́ board, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń darí iná, nìkan lo tẹ̀, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ gidi nìyẹn náà.

Bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó o fẹ́ràn jù nínú eré méjèèjì. Tó o bá ti tò ó tán, fi hàn mí, màá gbé ìka lé e, màá sì bi ẹ́ bí wọ́n ṣe bi mí.