Tábìlì ìránṣọ tó ṣeé ká fún màmá n'Íbàdàn: ẹ má fi fọ́tò nìkan ránṣẹ́ sí káfíńtà o

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú màmá. Mo rí ohun tẹ́ ẹ kọ láti Manchester, pé màmá ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, pé inú pálọ̀ n'Íbàdàn ni wọ́n ti ń ránṣọ báyìí, ẹ wá fẹ́ kí káfíńtà àdúgbò bá wọn kan tábìlì tó ṣeé ká, irú èyí tẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ nílé ọ̀rẹ́ yín. Kò le rárá. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fọ́tò yẹn nìkan ránṣẹ́. Bí èmi náà ṣe ṣe nìyẹn fún ìyá mi l'Ọ́yọ̀ọ́ láti London níbí. Káfíńtà yẹn mọṣẹ́ o, tábìlì ẹ̀ ń dán gbinrin, ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i pé apá ọ̀tún ló kan ìyẹ́ ẹ̀ sí. Pákó tó máa ń wálẹ̀ tá a bá ká tábìlì ni mò ń pè ní ìyẹ́.

Ẹni tó bá ti jókòó sídìí maṣíìnì rí á ti mọ ibi tí mò ń lọ. Wíìlì tá a ń fọwọ́ yí, ọ̀tún ló wà. Aṣọ tá a ń rán, òsì ló ń kó jọ sí. Tó bá wá jẹ́ agbádá, tí kò síbi tó máa jókòó sí lápá òsì, gbogbo ìwúwo ẹ̀ á já sílẹ̀, á máa fa aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ìlà á wọ́. Ìyá mi ò sọ nǹkan kan fún mi lórí fóònù, wọ́n kàn wá àpótí kan gbé sápá òsì, wọ́n wá sọ ìyẹ́ olówó iyebíye yẹn di ibi tí wọ́n ń gbé fúláàsì tíì sí. Nítorí náà, apá òsì ẹni tó jókòó ni ìyẹ́ máa wà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà fún káfíńtà.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè irú maṣíìnì tí màmá ń lò. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ẹ má dàmú ara yín, tòun ti tábìlì ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́, Butterfly tàbí Singer àtijọ́ yẹn, irin gidi ni, ó wúwo, torí ẹ̀ orí ibi tí kì í ká ló gbọ́dọ̀ máa jókòó sí. Aṣọ nìkan ni ìyẹ́ wà fún, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé maṣíìnì sórí ẹ̀.

Gíga ẹ̀ ńkọ́? Ibí ni gbogbo ayé ti ń ṣe àṣìṣe, wọ́n á ní kí káfíńtà kan án bíi tábìlì oúnjẹ, ìyẹn bí ínṣì 30, wọ́n á tún wá gbé maṣíìnì lé e, màmá á wá máa gbé èjìká sókè bí ẹni òtútù ń mú, lálẹ́ ẹ̀yìn á máa ro wọ́n. Ẹ ní kí àbúrò yín mú téèpù, kí màmá jókòó sórí àga tí wọ́n ń lò gan-an, kí wọ́n ká apá, kó wọn láti ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Kó tún wọn maṣíìnì láti ìsàlẹ̀ ẹ̀ dé ibi tí aṣọ ń gbà kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú àkọ́kọ́. Ká ní ìgbọ̀nwọ́ jẹ́ 28, maṣíìnì jẹ́ 3, gíga tábìlì á jẹ́ 25. Kẹ́ ẹ ṣì rí i dájú pé itan wọn wọ abẹ́ ẹ̀ dáadáa.

Gíga yẹn náà ló máa sọ bí ìyẹ́ ṣe máa gùn tó, torí tó bá gùn ju tábìlì lọ, ilẹ̀ ni yóò fìdí gún. Fún gíga 25, ìyẹ́ 23, kí ìgbálẹ̀ lè kọjá lábẹ́ ẹ̀. Ibi tí kì í ká, kó jẹ́ 28 sí 24. Tẹ́ ẹ bá ṣí i tán, ó di 51 ní fífẹ̀, ó tó gé búláósì lórí ẹ̀. Pláíwúùdù kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, ó tó gbogbo ẹ̀, àti pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó máa gbé tábìlì dúró, ó tún máa ṣẹ́kù. Ínṣì ni kẹ́ ẹ máa sọ o, káfíńtà wa kì í fi sẹ̀ntímítà ṣeré.

Ní Bódìjà níbi tí wọ́n ti ń ta pákó, kí àbúrò yín bèèrè pláíwúùdù mílímítà 18, kó sì fi téèpù wọ̀n ọ́n fúnra ẹ̀, torí wọ́n lè pe 15 ní 18 fún un. Kó má gba MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù ṣe, tí omi bá kàn án ní ìgbà òjò á wú, síkúrù á sì máa bọ́. Ẹsẹ̀ tó máa gbé ìyẹ́ dúró, igi 2 sí 2 tó gbẹ dáadáa ni kẹ́ ẹ lò, igi tútù á lọ́ tí ọyẹ́ bá dé. Ẹsẹ̀ yìí máa ń ṣí bíi gééètì ni, híńjì méjì ló so ó mọ́ pákó ẹ̀gbẹ́ òsì. Kí orí tábìlì yọ síta níbẹ̀ ju pákó ẹ̀gbẹ́ lọ ní ínṣì 2 ó kéré tán, kí ẹsẹ̀ yẹn lè rí ibi sá pamọ́ sí tí ìyẹ́ bá wálẹ̀.

Kí káfíńtà má fi ìṣó kàn án! Síkúrù àti gọ́ọ̀mù. Àmọ́ síkúrù tó máa di híńjì mọ́ abẹ́ tábìlì ò gbọdọ̀ gùn ju mílímítà 15 lọ, tẹ́nu ẹ̀ bá yọ lókè báyìí, léèsì tí wọ́n bá kọ́kọ́ tẹ́ lé e ló máa ya. Kó fi pákó kan so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn, tí ò bá sí ìyẹn, tábìlì á máa jó bí maṣíìnì bá ṣe ń sáré. Kó fi sanpépà pa etí iwájú kó rí roboto. Kó tó kun fáníìṣì, ẹ pè é lórí WhatsApp, kó ṣí i kó pa á dé lójú yín.

Ọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín ra igi fúnra ẹ̀, ẹ fún káfíńtà ní ìdajì owó iṣẹ́, ìdajì tó kù di ìgbà tí màmá bá ránṣọ lórí ẹ̀. Kí wọ́n bu omi kún ife, kí wọ́n gbé e sórí ìyẹ́, kí màmá wá yí maṣíìnì kíkankíkan. Tómi bá dà, káfíńtà ò tíì parí iṣẹ́ nìyẹn.

Tí àbúrò yín bá ti wọn ìgbọ̀nwọ́ màmá, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ síbí, màá bá yín ṣírò ìyókù.