Bí sáìtì ìsanwó ti Nàìjíríà kò bá ṣí láti Houston, tí update sì ń já lù yín lẹ́nu iṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àìsùn o. Mo ka gbogbo àlàyé yín: ẹ fẹ́ san owó ilẹ̀ ilé Bàbá ní Sùúrùlérè, sáìtì ìsanwó kọ̀, kò ṣí. Ìgbà tó wá ṣí ní aago mẹ́ta òru, kọ̀ǹpútà yín pa ara rẹ̀ láti ṣe update bí ẹ ṣe ń tẹ nọ́ńbà káàdì lọ́wọ́. Yaba ni mo wà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dùn mí, nítorí owó àwọn èèyàn wa ló ń há sáàárín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san owó náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ́kọ́ wo alẹ́ẹ̀tì báńkì yín àti ímeèlì yín. Bí owó bá ti kúrò, ẹ wá nọ́ńbà ìsanwó tí sáìtì fún yín kí ẹ tó dé orí káàdì. Tó bá jẹ́ Remita, ètò ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n lò, RRR ni wọ́n ń pè é. Òun ni báńkì àti ọ́fíìsì máa fi tọpa owó náà. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ tuntun tí ẹ tún san, nọ́ńbà méjì ni ẹ ó máa lé kiri.

Ní ti sáìtì tí kò ṣí, ẹ ka ohun tó kọ sójú kọ̀ǹpútà dáadáa, torí ibẹ̀ ni àrùn náà wà. Tí ẹ bá rí DNS nínú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń bá kọ̀ǹpútà wá àdírẹ́sì sáìtì, kọ̀ǹpútà yín ò rí àdírẹ́sì sáìtì náà ni. Ẹ fi dátà fóònù wò ó. Tó bá ṣí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé yín ló níṣòro, ẹ sì lè yí DNS rẹ̀ sí 8.8.8.8 (ti Google) tàbí 1.1.1.1 (ti Cloudflare). Tó bá ní "Your connection is not private", ẹ wo déètì àti aago kọ̀ǹpútà yín. Bí ìyẹn bá tọ̀nà, tí ìkìlọ̀ náà ò lọ, ẹ má tẹ nọ́ńbà káàdì kankan síbẹ̀. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà 502, 503 tàbí 504 ni ẹ rí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ni sáìtì ló ti bàjẹ́. Ẹ lọ sùn, ó di ọ̀la.

403 tàbí "Access denied" ló máa ń dààmú àwọn tó wà lókè òkun. Ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ wọlé. Àwọn sáìtì kan kì í gba ẹni tí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá wá láti òkèèrè, torí àwọn oníjìbìtì. Bí ẹ bá ń lo VPN, áàpù tó ń fi ibi tí ẹ wà pamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ pa á ná, nítorí wọ́n máa ń dí òun náà lọ́nà. VPN ọ̀fẹ́ tó ní òun á gbé yín wá sí Nàìjíríà, èmi ò ní tẹ nọ́ńbà káàdì mi lórí rẹ̀ láéláé. Ohun tí mo fara mọ́ ni pé kí ẹ fi bíìlì náà ránṣẹ́ sí àbúrò yín ní Sùúrùlérè, kó ṣí sáìtì níbí, kí ẹ fowó ránṣẹ́ sí i, kó san án. Ẹ má fi nọ́ńbà káàdì tàbí OTP (nọ́ńbà àṣírí ẹlẹ́ẹ̀kan tí báńkì ń fi ránṣẹ́) ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín.

Tí kò bá ṣí fún àbúrò náà, ẹ fi kọ̀ǹpútà yín sílẹ̀, torí ó lè jẹ́ sáìtì náà tàbí íntánẹ́ẹ̀tì níbí ló níṣòro. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, tí okùn abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, àwa tí a wà l'Ékòó gan-an jìyà kí áàpù báńkì tó ṣí.

Update yẹn ńkọ́? Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ níbí, aago mẹ́ta òru ni ní Houston nígbà ooru, aago méjì nígbà òtútù, torí àwa kì í yí aago. Windows ní ohun tó ń pè ní Active hours, àkókò tí kò ní fúnra rẹ̀ tún kọ̀ǹpútà tàn. Bí wọ́n ṣe ṣe é wá, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà yín rò pé ẹ ń sùn ni! Ẹ lọ sí Settings, Windows Update, Advanced options, kí ẹ fọwọ́ yàn án láti aago kan òru sí méje alẹ́. Wákàtí 18 ni gbèdéke rẹ̀. Èyí tó tún dára jù ni pé kí ẹ jẹ́ kó ṣe update tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ wá tẹ Pause fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí ẹ bá sanwó tán, ẹ tú u sílẹ̀, torí update ló ń dí ihò tí olè ń gbà wọlé. Bó bá sì jẹ́ Windows 10 ni, ìtìlẹ́yìn rẹ̀ parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Torí náà, fóònù yín ni kí ẹ fi sanwó.

Tí update bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má fipá pa kọ̀ǹpútà, ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́. Bó bá ń ṣe ségesège lẹ́yìn náà, ẹ wọ Update history, ẹ tẹ Uninstall updates, ẹ yọ èyí tó dé kẹ́yìn.

Bí 403 bá ṣì ń jáde lẹ́yìn tí ẹ pa VPN, ẹ ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, ẹ bo nọ́ńbà káàdì, kí ẹ fi síbí. Màá wò ó lálẹ́ òní tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé.