Mo fẹ́ dupò kánsẹ́lọ̀, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí n'Íbàdàn, ọmọ ọdún 34. Mo fẹ́ dupò kánsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa. Ìlérí tí mo ní ni pé gbogbo owó tó bá wọ káńsù àti èyí tó jáde, a ó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà kí gbogbo ayé rí i. Nígbà tí mo sọ ọ́ létí àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Ọ̀kan ní, "Ìwé la ó máa jẹ ni?" Ṣé kí n jáwọ́ ni, Bàbá? — Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Má jáwọ́, ọmọ mi. Àmọ́ tún ìlérí yẹn ṣe kó tó dé etí ọjà. Kánsẹ́lọ̀ kì í di àpò káńsù mú. Tirẹ̀ ni pé kó yẹ bọ́jẹ́ẹ̀tì wò, kó fọwọ́ sí i tàbí kó kọ̀ ọ́, kó sì máa bèèrè bí wọ́n ṣe ná an. Tó o bá lọ ṣèlérí títì àti gọ́tà, irọ́ lo pa fún wọn.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ owó ní káńsù kan tí n kò ní dárúkọ. Owó Àbújá kọ́ ni mo ti kọ́kọ́ rí jìbìtì. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ni. Èyí tó bá ti ọ́fíìsì wa jáde, nọ́ńbà wà lára ewé kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ya ti oníṣọ̀ fún un, ìdí rẹ̀ á ṣẹ́kù sínú ìwé. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi ra ewédú bọ̀, elẹ́wédú ti fi tíkẹ́ẹ̀tì àárọ̀ rẹ̀ pọ́n kán-ún díẹ̀ fún un. Mo tú u, mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ kan náà, òǹtẹ̀ kan náà, kò sí nọ́ńbà! Mo mú un lọ fún ọ̀gá mi. Ó wò ó, ó fi nu ṣíbí rẹ̀, ó ní kí n lọ jẹun ọ̀sán. Oṣù kejì, wọ́n gbé mi lọ máa kọ orúkọ òkú ní itẹ́.

Ibẹ̀ ni kí ìlérí rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọjà kan ṣoṣo: nọ́ńbà tí tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí, iye owó tó wọlé. Elẹ́wédú á yọ tọwọ́ rẹ̀, á fi wé ti ara ògiri.

Ní ti owó Àbújá, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé gómìnà kò gbọdọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú, tààrà ni kó máa lọ sọ́dọ̀ káńsù. (Ìdájọ́ ni mo wí o, n kò ní owó ti dé.) Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 sì fún káńsù ní ọjọ́ 7 láti dá ẹni tó bèèrè àkọsílẹ̀ lóhùn. O ò nílò kó o di kánsẹ́lọ̀ kó o tó kọ ìwé ìbéèrè tìrẹ. Kọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ rẹ. Bí wọ́n bá ní òfin ìjọba àpapọ̀ kò kan ìpínlẹ̀, ilé ẹjọ́ kan náà ti yanjú ìyẹn lọ́dún 2025.

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, o ò lè sá fún wọn, torí òfin wa kò gba olùdíje tí kò ní ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n bá ọ ra fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá rà á fún ọ ló máa kọ́kọ́ gbé tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní nọ́ńbà wá.

Ra ìwé ńlá kan lónìí. Ẹni tó bá dáwó fún ọ, iye tó dá, ohun tó o fi rà, títí dórí omi inú ọ̀rá, kọ gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀. Gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà sítáìlì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, kí àwọn oníbàárà máa kà á bí wọ́n bá ń dúró kó o wọ̀n wọ́n. Tó o bá tún ń kọ̀wé sí mi, fi fọ́tò rẹ̀ há a.