Èsì: Igbó mímu àti àwọn ọmọdé ní Kánádà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá òfin tí Kánádà fi gba igbó láàyè lọ́dún 2018 ti pa ọmọdé lára. Ó pa wọ́n lára, pàápàá látọ̀dọ̀ igbó tí wọ́n pò mọ́ súìtì àti ṣokoléètì. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ottawa yẹ àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wò: nígbà tí títa irú súìtì bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ontario lọ́dún 2020, àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn pọ̀ sí i gan-an. Ọmọ ọdún mẹ́ta rí súìtì lórí tábìlì, ó jù ú sẹ́nu. Kí ló mọ̀? Ìpínlẹ̀ Québec kọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n tà á, àwọn ọmọ tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn níbẹ̀ ò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí ló dùn mí jù: ohun tó ṣeé dènà ni!